Ọ̀dọ́mọkùnrin Tó Di Àpò Iṣu Mú

Ìròyìn tí n kò bá mọ ẹnu tó ti jáde, n kì í fún un ní àga. Kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ná, kí n wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí ẹnìkan bá ti Arímògíjà wá sí Ọ̀wọ̀, tó ní iná ti jó oko kòkó lágbájá, bàbá mi kì í béèrè bí iná náà ṣe tóbi tó. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ìwọ lo rí i, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?" Bí onítọ̀hún bá ní wọ́n sọ fún òun ni, bàbá mi á ní, "Ta ló sọ ọ́? Kí ló wà láàárín òun àti olóko?" Kí wọ́n tó parí ìbéèrè, iná tó jó gbogbo oko á ti di iná tó jó etí oko, nígbà mìíràn á di èéfín lásán.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá nílé.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, bí ọmọbìnrin kan tó ń ṣe tíṣà ní Ìdógun. Ọmọ náà kò kánjú lọ sílé ọkọ. Ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ gbààwẹ̀ títí ó fi rù. Nígbà tí ọmọ wá mú ọkùnrin wálé lọ́jọ́ kan, ńṣe ni gbogbo wa rọra ń rìn nínú ilé, bí ẹni tí ẹyẹ bà sí lójú fèrèsé, tí kò fẹ́ kó fò lọ. Ọmọ Ìpele ni ọkùnrin náà. Ó ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná, ó sì ń bá bàbá rẹ̀ dá oko iṣu. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A bá a sọ̀rọ̀, a fún un lóúnjẹ, a sì dá ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá tọrọ ọmọ.

Ọjọ́ náà ti ń sún mọ́lé nígbà tí àbúrò mi wọlé tọ̀ mí láàárọ̀ kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, n kò tíì bọ́ bàtà. Kò kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan."

Mo wọ dígí ojú mi. Gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù ló ṣí. Ẹnìkan ti fi ìròyìn kan síbẹ̀, láti orí búlọ́ọ̀gù kan tó ń gbé ìròyìn agbègbè wa. Fọ́tò kékeré kan ló wà lókè, àkọlé sì wà lábẹ́ rẹ̀: "Ọwọ́ tẹ olè iṣu ní Ìpele! Ẹ wo ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀!" Ẹnìkan ṣoṣo ló wà nínú fọ́tò náà, ọkọ ọmọ wa ni. Ó di àpò kan mọ́ àyà, orí iṣu yọ lẹ́nu àpò. Òógùn bò ó lójú, ó sì lejú bí ẹni tó fẹ́ sá tí kò rí àyè.

Àwọn ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ tẹnu wọn lábẹ́ rẹ̀. "Hà! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" "Ọlọ́run tó tú u fó, a dúpẹ́ o." Àǹtí wa kan tó ń gbé Àkúrẹ́ ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ojú ọmọkùnrin yẹn kì í dúró sójú kan. Àǹtí náà kò rí i rí láyé rẹ̀.

"Ìròyìn tó kù dà?" ni mo bi àbúrò mi.

"Ìròyìn wo tún ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀. Oko ta ni? Ta ló mú un?"

"Èyí tí ẹ rí yìí náà ni."

Mo tẹ fọ́tò náà. Ó ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Mo tún un tẹ̀. Àbúrò mi ní kí n má da ara mi láàmú, irú dátà tí òun ń rà, ti ṣáàtì nìkan ni, kì í ṣí nǹkan mìíràn. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé irú rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń rà. Ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù á wọlé, fọ́tò á wọlé, àkọlé ìròyìn á wọlé, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ wo inú ìròyìn gan-an, ilẹ̀kùn ti. A wá dà bí àwọn tó dúró lẹ́yìn fèrèsé onífèrèsé, tí wọ́n ń gbóòórùn ọbẹ̀, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí iyọ̀ inú rẹ̀.

Mo pe ẹni tó fi í sínú gúrúùpù. Ó ní wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òun ni. Ta ló fi ránṣẹ́? Ó ní láti gúrúùpù àwọn tí àwọn jọ kàwé ni. Ṣé ó ṣí i? "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo tún fẹ́ máa ṣí? Ṣé ẹ ò rí iṣu ni?"

Mo yíjú sí àbúrò mi. "Ṣé o ti bi ọmọ rẹ?"

Ó wò mí bíi pé orí mi ti ń dàrú. "Kí n bi ìyàwó léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ? Kó lè pè é, kó sọ fún un pé à ń tú ilé wọn wò?"

Òtítọ́ ló sọ. Ìwádìí kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. A kì í bi ilé tí à ń wádìí, a kì í bi ọmọ tí à ń wádìí fún. Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ mú nǹkan mìíràn dání bí ẹni pé òun ló gbé e wá. Á bi ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn, á bi ẹni tó ń bá wọn jà, á bi ẹni tó ń bá wọn gbàdúrà. Bí ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, ó di ilé. Èmi gan-an ni mo kọ́ àbúrò mi ní gbogbo èyí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó pe nọ́ńbà kan lórí fóònù kó parí?

"Èmi ni n ó lọ," ni mo wí.

Mo lọ sí Ìpele bí ẹni tó fẹ́ ra èbù iṣu. Ní ibi tí mọ́tò ti já wa sílẹ̀, àwọn obìnrin kan jókòó sábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń ṣa iṣu, wọ́n ń gé ibi tó rà kúrò. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n sún àpótí fún mi. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò, kí n sọ̀rọ̀ ọ̀dá, kí n yẹ èbù wò, kí n tó máa yọ́ wọ inú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọmọkùnrin inú fọ́tò yẹn ń lé mi.

"Mo gbọ́ pé olè ń jà lóko yín níbí," ni mo wí. "Oko ta ni wọ́n tiẹ̀ ń jí?"

Ọ̀bẹ dúró lára iṣu. Àgbà inú wọn, obìnrin kan tó pupa tó sì síngbọnlẹ̀, gbójú sókè.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Ọ̀nà tó lọ sí oko náà ńkọ́? Ṣé ká tún fi ìyẹn hàn yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò ní omi nínú. Èkejì rẹ̀ ní, "Ẹ̀yin Màmá, ẹ rántí pé wọ́n ní ẹnìkan ló ń ra iṣu lọ́wọ́ olè yẹn. Wọ́n ní àgbàlagbà ni. Wọ́n ní ó ń wọ dígí."

Láìmọ̀, ọwọ́ mi lọ sójú.

"Ẹ ò rí i! Ó ń bọ́ ọ!"

Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò ti sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ fóònù. "Bàbá, ẹ gbójú sókè díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ya yín, kí ayé mọ̀ yín."

Mo rí ara mi níbẹ̀: arúgbó, dígí, iṣu jọ gègèrè lẹ́sẹ̀ mi. Mo ti rí àkọlé rẹ̀ kó tó kọ ọ́. Mo ti gbọ́ ohun tí àǹtí wa tó wà ní Àkúrẹ́ máa sọ. Mo pariwo.

"Ẹ má yà mí o! Àna yín ni mí! Ọmọ yín kan ló fẹ́ fẹ́ ọmọ wa!"

"Ọmọ ta ni?"

Mo sọ ilé tí mo wá wádìí. Bí mo ṣe la ẹnu tán ni mo mọ̀ pé mo ti ba iṣẹ́ tí mo wá ṣe jẹ́. Obìnrin pupa náà pàtẹ́wọ́, ó ta ìdí sẹ́yìn. "Ìwádìí! Ìwádìí ni Bàbá wá ṣe! Bàbá, ta ló ń ṣe ìwádìí lójú títì báyìí? Ṣé ẹ ò ní ẹni tó dàgbà nílé yín ni?"

"Èmi ni mo dàgbà," ni mo wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn fi iṣu sílẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ mú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá ọmọkùnrin náà, kó wá wò mí bóyá ó mọ̀ mí. Ó ti oko dé, ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí wa kò lè jìnnà síra. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kò pariwo. Ó ní kí n fi fọ́tò náà han òun. Mo yọ fóònù tèmi fún un. Ó wò ó pẹ́.

"Oko mi ni wọ́n jí," ló wí. "Ọmọ mi ló lé olè náà bá. Nígbà tí wọ́n mú un, wọ́n ní kí oníṣu di iṣu rẹ̀ mú kí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí, ó sì dì í mú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbí ni olè jókòó sí." Ó fi ìka han etí fóònù mi, ní ibi tí fọ́tò ti tán. "Wọ́n ti gé olè kúrò."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọn. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Ó ti parí nìyẹn."

"Ti yín ló parí," ló wí. "Ẹ jókòó sí Ọ̀wọ̀, ẹ pe ọmọ mi lólè. Ẹ tún wá jókòó sójú ọ̀nà mi, lójú àwọn aládùúgbò mi, ẹ wá ń béèrè. Ọmọ mi lè fẹ́ràn ọmọ yín. Èmi ni mo máa ṣíwájú ẹbí lọ dọ̀bálẹ̀, àbí èmi kọ́? Ẹ sọ fún wọn nílé pé ọjọ́ tí a dá yẹn, kí wọ́n má retí wa. Mo fẹ́ ronú."

Ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ mọ́tò. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé ó sìn mí.

N kò ní parọ́: nínú mọ́tò, mo tún fura sí i. Bàbá wo ló máa sọ fún àlejò pé ọmọ òun jalè? Mo ní mo gbọ́dọ̀ rí inú ìròyìn náà fúnra mi. N kò lọ sílé. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan ni, ìyá rẹ̀ ń jókòó lẹ́yìn wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nígboro Ọ̀wọ̀ tó ti ń tẹ ìwé fún èèyàn, ibẹ̀ ló ti ń kọ búlọ́ọ̀gù rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kà á. Ẹ̀rọ omi Ìdógun tó bàjẹ́, ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó ti àwọn obìnrin tó ń pọn omi, ó kọ ohun tí wọ́n sọ, ó kọ ohun tí kánsù sọ, ó jẹ́ kí àwa tó ń kà á dá ẹjọ́ fúnra wa. Àwọn èèyàn á jiyàn nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sọ àdúgbò tí wọ́n ti wá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá jókòó sí ojúde. Nígbà tó yá, èmi náà kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ṣe tán, gbogbo nǹkan ń wá bá wa nínú gúrúùpù.

"Ẹ káàbọ̀ sà, Dádì."

"Kí ni ọmọ wa ṣe fún ọ tí o fi pè é lólè?"

Ẹ̀rù bà á. Ó ṣí ìròyìn náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fọ́tò náà fẹ̀. Olè jókòó sílẹ̀ lápá òsì, wọ́n dè é lọ́wọ́, ọmọkùnrin wa dúró tì í pẹ̀lú àpò. Ó kọ ọ́ sínú ìròyìn gbangba pé ọmọ olóko ló fi ẹsẹ̀ lé olè bá, ó tiẹ̀ yìn ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú olè náà ṣókùnkùn, bí ẹni tí wọ́n fi èédú pa.

"Èmi ni mo bò ó," ló wí. "Wọn kò tíì gbé e dé kóòtù, Dádì. N kò lè máa fi ojú rẹ̀ hàn káyé. Bí àwọn èèyàn bá wá gbé ìròyìn náà lọ sí gúrúùpù wọn, ẹ̀rọ ló ń gé fọ́tò rẹ̀ kéré, kì í ṣe èmi. Ojú èèyàn ló ń wá. Ojú kan ṣoṣo tó rí ni ti ọmọ yín."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí, ìdí nìyẹn tí mo fi tún fura sí i.

"Àkọlé ńkọ́? 'Ẹ wo ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀.' Ṣé ẹ̀rọ ló kọ ìyẹn náà?"

Ó wolẹ̀. "Bí mo bá kọ ọ́ pé àwọn àgbẹ̀ Ìpele mú olè kan, ta ló máa ṣí i?"

"Èmi á ṣí i."

"Dádì, ẹ̀yin náà kò ṣí èyí."

Ó fi àwọn ojú ìwé mìíràn hàn mí, níbi tí wọ́n ti kó iṣẹ́ rẹ̀ láìbéèrè. Wọ́n mú fọ́tò tí wọ́n gé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan ti gbé olè náà kúrò ní Ìpele lọ sí Arímògíjà. Òmíràn ti fún un ní ìbọn. Níṣojú mi ló pààrọ̀ fọ́tò náà, tó sì kọ àtúnṣe sókè ìròyìn.

"Ṣé èyí máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti rí ti àkọ́kọ́?"

"Rárá sà. N kò lè wọ inú fóònù ẹlòmíràn."

Mo ra dátà tó lè ṣí ìròyìn sórí fóònù mi, mo mú àbúrò mi jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó ka ìròyìn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí fóònù mi. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn." Mo fi ohùn sọ ọ́ sínú gúrúùpù. Mo kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò fo nǹkan kan. N kò tíì fi fóònù sílẹ̀ tí ẹnìkan fi fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló gbọ́ ọ? Àǹtí wa tó wà ní Àkúrẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn yín ṣì dùn o. Ṣé wọ́n ti wá fi olè náà sílẹ̀ ni?"

Ọmọ wa ti Ìdógun dé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó.

"Bàbá, ọjọ́ tí wọ́n mú olè yẹn gan-an ló pè mí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní iṣu náà wúwo ju olè lọ. Gbogbo yín lẹ ní nọ́ńbà mi."

Mo ní bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ìwádìí ló ń dáàbò bo ọmọbìnrin.

"Ó dáàbò bò mí lóòótọ́," ló wí. "Ó dáàbò bò mí títí ọkọ fi ń lọ."

Ọjọ́ tí a dá pé, ó kọjá. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ìyá ọmọ ṣe bí ẹni pé òun gbàgbé, ó fọ gbogbo àwo inú ilé, ó tún wọn fọ̀. Ọmọ padà sí Ìdógun, kò pe ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo jókòó síwájú ilé mi nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Ilé àbúrò mi ló kángun sí tèmi. Ọkùnrin kan dúró ní ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ wá. Ó ra obì, kò jẹ ẹ́. Ó bá ẹni tó ń tajà sọ̀rọ̀, ó wojú ilé àbúrò mi, ó tún bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjá wá sọ́dọ̀ mi. Ó kí mi, mo ní kó jókòó.

"Ilé tí mo lè yá ni mò ń wá ládùúgbò yìí," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ gbé ti èèyàn burúkú. Àwọn onílé ẹ̀gbẹ́ yín yìí, irú èèyàn wo ni wọ́n?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti mọ ibi tó ti wá. Ohùn Ìpele kò pamọ́. Bí mo bá yìn wọ́n jù, á fura. Bí mo bá sọ pé àbúrò mi ni, iṣẹ́ tí wọ́n rán an bàjẹ́, á sì padà lọ ní òfo. Èmi náà mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

"Bàbá ilé yẹn," ni mo wí, "inú rẹ̀ máa ń tètè gbóná, ó sì máa ń tètè tutù. Kì í parọ́. Ìyàwó rẹ̀ kì í bá aládùúgbò jà, àfi lórí ọ̀rọ̀ adìyẹ."

"Wọ́n ní wọ́n ní ọmọbìnrin kan tó ń ṣe tíṣà."

"Ó gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ń yí obì náà lọ́wọ́. "Wọ́n tún ní bàbá yẹn ní ẹ̀gbọ́n kan. Arúgbó kan báyìí, tó máa ń lọ káàkiri, tó ń bi èèyàn léèrè olè."

Mo wò ó. Obì ni òun ń wò.

"Ìyẹn wà," ni mo wí. "Ó máa ń fura jù. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, á yẹ̀ ẹ́ wò títí á fi bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe èèyàn, ó máa ń tọrọ àforíjì. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń lọ sí Ìpele, ẹ ní kó bá a sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀."

Ọ̀kadà kan kọjá, eruku rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ibi méjì tí mo kọ́kọ́ yà, ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí," ló wí. Ó pa obì náà, ó fún mi ní awẹ́ kan, ó fi èyí tó kù sápò. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Kò béèrè ilé tí wọ́n fẹ́ yá fún èèyàn lọ́wọ́ mi, kò sì wo ọ̀kan kan.

"Ẹ bá wa kí ìyàwó wa," ló wí, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.